Bàbá Japan tó dáná sun ìrẹsì rẹ̀: ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́?

Ìyá Ìbejì Ìgbẹ̀mọ:

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn jìnnà nínú wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Kẹ́yìndé mi wà ní JSS 2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà wọn sọ ìtàn kan fún wọn ní kíláàsì. Ó ní ìlú kékeré kan wà létí òkun nílẹ̀ Japan. Bàbá arúgbó kan ń gbé lórí òkè ibẹ̀, ó lówó, ó sì ní oko ìrẹsì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ mì. Bàbá yìí bojú wo òkun, ó rí i pé omi ń sá sẹ́yìn, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀. Kò sáyè láti ránṣẹ́ sí àwọn ará ìsàlẹ̀, ló bá tiná bọ gbogbo ìrẹsì tó kórè lọ́dún náà. Àwọn ará ìlú rí iná, wọ́n sáré gòkè wá pa á. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ tán báyìí ni omi dé, ó kó gbogbo ilé wọn lọ. Ẹnì kankan ò kú.

Ọmọ délé, ó ní kí n sọ fóun bóyá èmi náà lè dáná sun ìrẹsì wa nítorí àwọn ará àdúgbò. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ irú ará àdúgbò tó jẹ́.

Ẹ má bínú, ìrẹsì ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ra ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ l'Ọ́jà Ọba Adó, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ra tèmi rí. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge ni mo ti ń gé e, tí mò ń lù ú, tí mò ń fẹ́ ẹ. Nítorí náà ni ìtàn yìí ò ṣe dùn mọ́ mi nínú tó bó ṣe dùn mọ́ ọmọ. Ṣé ìlú yẹn wà lóòótọ́? Kí lorúkọ rẹ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni òkun ti ń dìde sáwọn èèyàn bẹ́ẹ̀? Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù wá ni ti iná yẹn. Ìrẹsì tó bá ṣì tutù, èéfín ló máa rú títí kó tó gbiná, oníyẹn á ti dúró pẹ́. Tó bá sì ti gbẹ dáadáa, kí ló ṣì ń wá lóko tí wọn ò tíì lù ú? Ó ń ṣe mí bíi pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ò kórè ìrẹsì rí láyé ẹ̀.

Kékeré Adó:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àlọ́ ni, ẹ má da ara yín láàmú. Orí fóònù làwọn tíṣà ìsinsìnyí ti ń kó ìtàn jọ. Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé bàbá náà ò lè lu agogo ni? Ṣé ó dìgbà tó bá di gbèsè kó tó pe èèyàn? Mò ń dúró de àwọn àgbà o.

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́:

Kékeré, kì í ṣe àlọ́. Ìlú náà wà, mo ti débẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ kú làákàyè. Ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ bà yẹn gan-an ni ìtàn náà ti yà kúrò lójú òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra mú un láti ìdí.

Hirogawa lorúkọ ìlú náà lónìí. Nígbà tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Hiro lásán ni wọ́n ń pè é. 1955 ni wọ́n pa Hiro pọ̀ mọ́ àwọn abúlé tó yí i ká tó fi di Hirogawa. Ìpínlẹ̀ Wakayama ló wà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Kii, ìyẹn ilẹ̀ ńlá kan tó yọ sínú òkun ní gúúsù Osaka. Ìlú Wakayama fúnra rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo lọ kàwé. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba etí òkun lọ sí gúúsù ló máa ń gbé mi débẹ̀. Ìlú kékeré ni lóòótọ́, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Òkè ló wà lẹ́yìn wọn, ọsàn wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ń tètè bó ni wọ́n gbìn sára òkè náà lọ bẹẹrẹ. Gbogbo àgbègbè yẹn ni wọ́n fi ọsàn mọ̀ káàkiri Japan. Láàrin òkè àti òkun, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó kù síbẹ̀ ò fẹ̀, odò sì tún gba inú ẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, torí kò síbòmíì.

Ẹ béèrè ohun tó fà á tí omi fi ń dìde síbẹ̀. Ohun méjì ló pàdé. Ìkíní ni bí etí òkun wọn ṣe rí. Apá òkun tó wọlé síbẹ̀, Yuasa ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó fẹ̀ níta, ó sì ń fún bó ṣe ń bọ̀ nílé. Àrọ tẹ́ ẹ fi ń rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Omi tó bá ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé ò ríbi yà sí, òkè ló máa gbà. Hiro ló sì jókòó sídìí àrọ náà.

Èkejì wà lábẹ́ òkun. Àpáta tó gbé ayé yìí kì í ṣe odindi kan, awẹ́ awẹ́ ni. Ní gúúsù Japan, awẹ́ tó wà lábẹ́ òkun Philippine ń wọ abẹ́ awẹ́ tí Japan jókòó lé, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dọọdún. Ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní Nankai. Etí tòkè á há mọ́ tìsàlẹ̀, tìsàlẹ̀ á máa fà á tẹ̀ lọ, á máa fà á tẹ̀ lọ, títí kò ní lè gbà á mọ́. Ọjọ́ tó bá já ni ilẹ̀ ń mì, etí tó ti tẹ̀ yẹn á ta padà sókè, á sì gbé òkun tó wà lórí ẹ̀ sókè. Omi tó gbé sókè yẹn ló ń bọ̀ wálé. Ìyẹn ni sùnámì. Kì í ṣe ìgbì lásán tó ń fọ́ sétí òkun, òkun fúnra rẹ̀ ló ń rìn bọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1707, ó ṣẹlẹ̀ ní 1854, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1946. Ẹ wo àlàfo tó wà níbẹ̀: ọdún 147, lẹ́yìn náà ọdún 92. Ẹni tó bá fojú rí ọ̀kan, ó ṣòro kó ṣì wà láyé láti kìlọ̀ fáwọn tó máa rí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó yá, ọ̀gbẹ́ni tó dáná. Hamaguchi Goryō lorúkọ rẹ̀. Arúgbó kọ́ o! 1820 ni wọ́n bí i, 1854 lọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Kò gbé orí òkè, inú abúlé nílé wọn wà bíi tàwọn tó kù. Kì í sì í ṣe àgbẹ̀. Oníṣòwò ni, ọmọ olówó. Láti 1645 ni ìdílé wọn ti ń ṣe omi ẹ̀wà sóyà, ọbẹ̀ dúdú oníyọ̀ yẹn tí wọ́n ń dà sórí oúnjẹ. Ìlú Chōshi, níhà ìlà-oòrùn Tokyo, ni ilé iṣẹ́ wọn wà. Yamasa ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń tà á di òní. Kò sì yani lẹ́nu pé ọmọ Hiro ló lọ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí Yuasa tó bá wọn pààlà gan-an ni wọ́n gbà pé omi sóyà ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Japan.

Láàárọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, 1854, ilẹ̀ mì. Goryō kó àwọn ará abúlé gòkè lọ sí ojúbọ Hachiman tó wà lẹ́yìn abúlé, ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, oníkálùkù padà sílé rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn méjì wá bá a, wọ́n ní omi kànga ti fà lọ sílẹ̀ lọ́nà tí kò yé àwọn. Àyà ẹ̀ já. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ tún mì, èyí le ju ti àná lọ fíìfíì. Kò pẹ́ lòkun dé. Omi ká Goryō fúnra ẹ̀ mọ́nà, ó gbé e díẹ̀ kó tó ríbi gíga kan dì mú.

Nígbà tó fi máa dé ojúbọ, àwọn kan ò sí níbẹ̀: ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe bàbá. Nínú oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀, kò sì sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì nígbà yẹn, kálẹ́ ṣú ló kù. Ó kó àwọn géńdé mélòó kan, wọ́n mú ètùfù dání, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ wá èèyàn. Òpó ilé, igi àti pàǹtí ti dí ọ̀nà pa, wọn ò lè lọ jìnnà. Ìgbà yẹn ló ní kí wọ́n tiná bọ àwọn òkìtì ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó lé ní mẹ́wàá tí wọ́n sun. Àwọn tó ń táràrà nínú òkùnkùn rí iná yẹn, wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ wà, wọ́n gba ibẹ̀ bọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n padà sókè tí ìgbì tó tóbi jù dé. Ó gbé àwọn òkìtì tó ń jó yẹn lọ tiná tiná.

Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe pé wọ́n fi iná pe èèyàn kí omi tó dé. Omi ti dé ná. Ọ̀nà ni wọ́n fi iná yẹn là. Kékeré, ìdáhùn ọ̀rọ̀ agogo ẹ nìyẹn. Agogo ò lè ran ẹni tí kò rí ibi tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wá dé báyìí. Ohun tí wọ́n sun, koríko ìrẹsì ni, èyí tí wọ́n ti lù tán. Wọ́n ti kórè ṣáájú kó tó di oṣù Kejìlá, ọkà ti wọ àká. Mo rí irú òkìtì yẹn lóko níbẹ̀. Wọ́n máa ri igi kan mọ́lẹ̀, wọ́n á di koríko ní ìdì ìdì, wọ́n á wá tò ó yí igi náà ká ní ìpele ìpele, ìdí síta, orí sínú, títí á fi ga ju èèyàn lọ. Wọ́n á wá da ìdì kan dé e lórí kí òjò má bàa wọnú ẹ̀. Nígbà náà, wọ́n fi ń bo ilé, wọ́n fi ń wun okùn àti bàtà, ẹran ń jẹ ẹ́. Nǹkan ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ ọdún kan. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀ máa fi gbiná.

Tíṣà Kẹ́yìndé ò purọ́ o, bó ṣe kà á ló sọ ọ́. Òyìnbó kan tó ń gbé ní Japan, Lafcadio Hearn, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1897. Òun ló sọ ọ́ di arúgbó, tó gbé e sórí òkè, tó sì sọ koríko di ìrẹsì. Ó fẹ́ kó dùn ni. Lẹ́yìn náà, tíṣà kan ọmọ ibẹ̀, Nakai Tsunezō, gé e kúrú fáwọn ọmọ iléèwé, ó sì wà nínú ìwé kíkà ìjọba láti 1937 di 1947. Ìran kan odindi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi iná yẹn ni gbogbo èèyàn ń dúró sí. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe lẹ́yìn tí iná kú ló pọ̀ jù. Wọ́n ti ń pè mí síbi oúnjẹ, màá padà wá.

Ìyá Ìbejì Ìgbẹ̀mọ:

Ṣé ẹ rí nǹkan! Mo mọ̀! Mo ti pe Kẹ́yìndé, ó ti kà á sókè fún mi, Táíwò náà ti wá jókòó tì wá. Ọlọ́run á máa fún yín ṣe, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ wá sọ tìyókù fún wa. Àwọn tómi gbé ilé wọn lọ yẹn, kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ kejì? Oko tí omi oníyọ̀ bá sì ti wọ̀, ìrẹsì ò ní hù síbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní tèmi, èmi ì bá kó ẹrù mi, mà bá lọ bá àwọn èèyàn mi níbòmíì.

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́:

Ohun táwọn náà fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Lóru ọjọ́ yẹn kan náà ni Goryō ti lọ yá ìrẹsì ní abúlé kejì kí wọ́n lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kéékèèké fáwọn tí kò nílé mọ́, ó ra ọkọ̀ fáwọn apẹja, ó ra irinṣẹ́ fáwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyẹn nìkan ò ní dá wọn dúró. Ẹni tí omi lé kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń fún lóúnjẹ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á máa wà lọ́nà ni. Ó wá pinnu pé òun máa mọ odi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí odi náà ṣe rí, torí mo ti rìn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Erùpẹ̀ ni, wọ́n kó o jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ó ga tó mítà 5, ó gùn ní nǹkan bí mítà 600, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 20. Tẹ́ ẹ bá ti òkun bọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ kàn ni ògiri òkúta àtijọ́ kan. Àwọn ìjòyè Hatakeyama tó jọba lé àgbègbè yẹn lórí ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú ló mọ ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi páìnì wà ní ìlà, kí wọ́n lè gbá ipá omi mú, kí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì bá gbé má sì ráyè já wọ ìlú. Lẹ́yìn páìnì ni odi. Lẹ́yìn odi, ní ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n tún gbin igi kan tí wọ́n ń fún ìda nínú èso rẹ̀ láti fi ṣe àbẹ́là. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tó ń mọ odi nítorí omi ṣì ń ro ohun táwọn èèyàn máa tà.

Tẹ́ ẹ bá dúró sórí rẹ̀, òrùlé ilé wà nísàlẹ̀ yín lápá kan, òkun wà lápá kejì. Níbi tí títì gba inú odi kọjá, ilẹ̀kùn onírin pupa ńlá kan wà tí wọ́n máa ń tì bí ewu bá ń bọ̀. Iléèwé girama kékeré kan wà lẹ́bàá odi náà, ère Goryō wà nínú ọgbà rẹ̀. Iléèwé yẹn fúnra rẹ̀, látara èyí tí Goryō àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1852 ló ti jáde wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1855 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó parí ní òpin 1858. Ìjọba ò gbówó sílẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló fi ń náwó. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ryō 1,572, owó wúrà ayé ìgbà náà. Àwọn ará abúlé ló sì gbà síṣẹ́, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ tó bá ti lè gbé apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ojúmọ́, owó ojúmọ́ rẹ̀ dọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ka iṣẹ́ ojúmọ́ gbogbo wọn pọ̀, ó jẹ́ 56,736. Ẹ ò rí i pé kò ṣàánú wọn bí ẹní ń fún alágbe? Iṣẹ́ ló fún wọn. Ẹni tó fẹ́ kó lọ, owó ọ̀la ń dá a dúró, ọ̀la tún dé, owó ọ̀tunla tún wà. Ọdún mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ilé ti padà dúró, oko ti gbọ̀n iyọ̀ dànù, odi ti wà níwájú. Ta ló tún fẹ́ lọ?

Goryō ò rí ọjọ́ tí odi rẹ̀ bá òkun jà. Ó kú sí New York ní 1885, ó ń rìnrìn àjò káàkiri ayé. Ọjọ́ yẹn dé ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 1946, kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì wà lórí ibùsùn. Nankai já, òkun gòkè wá tó nǹkan bíi mítà 4. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tó wà lẹ́yìn odi ni omi ò dé. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyókù pa mọ́ fún yín o. Ní ọdún tí odi ti wà, ìlú ti fẹ̀ kọjá ẹ̀. Àwọn ilé àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ kọjá ibi tí odi parí sí, lápá ibi tí odò kan ti ń wọ òkun, omi gba ẹnu odò yẹn yí wọ ibẹ̀, èèyàn kú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n kan níbẹ̀, kó kọ́ ìyẹn náà mọ́ ọn.

Tíṣà Èfọ̀n:

Ọmọ Olósùnta, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ka gbogbo ẹ̀, Ayétòrò ni mò ń rí lójú. Igbókòdá ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tó lókìkí nígbà kan pé ó létò ju àwọn ìlú ńlá lọ. Ibi tí wọ́n fi hàn mí pé ilé wà rí, ọkọ̀ apẹja ló ń kọjá lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ odi tí wọ́n ní àwọn máa mọ síbẹ̀, ó ti pẹ́ lẹ́nu. Ṣé irú odi ti Hirogawa yìí ò lè gbà wọ́n ni? Erùpẹ̀ sáà ni, kì í ṣe wúrà.

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́:

Tíṣà, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jọra. Òkun Hirogawa, ẹ̀ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń bínú, tó bá ti bínú tán á padà síbi tó wà. Odi wọn kàn ní láti dúró gbọn-in fún wákàtí mélòó kan. Ti Ayétòrò, ojoojúmọ́ ló ń gé ilẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, kì í ṣe yanrìn tó le. Gbogbo etí òkun Màhín yẹn, ẹrẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá kó erùpẹ̀ mítà 5 lé ẹrẹ̀ lórí, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ìgbì á sì máa jẹ ẹ́ nídìí. Ti wọn gba iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ nípa etí òkun ẹlẹ́rẹ̀, kì í ṣe apẹ̀rẹ̀ àti ọkọ́.

Ohun tí mo rò pé wọ́n lè mú níbẹ̀, ti owó iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ yòówù kí wọ́n bá ṣe ní Ayétòrò, kí wọ́n gba ọmọ Ayétòrò síbẹ̀, kí wọ́n máa sanwó fún wọn lójúmọ́. Kó má jẹ́ pé ibòmíì ni kọngílá ti kó lébìrà wá, tí onílé á máa wòran.

Kékeré Adó:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà, kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n irú èèyàn báyìí, níbí, wọ́n á ti fi joyè mẹ́rin. Ṣé wọn ò fi ọ̀gbẹ́ni yẹn jọba ni?

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́:

Ó ju oyè lọ, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di òrìṣà! Àwọn ará abúlé ti ń múra láti kọ́ ojúbọ fún un, ojú rẹ̀ láyé. Nígbà tó gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ di òrìṣà. Nínú ìtàn Hearn, wọ́n kọ́ ojúbọ yẹn fún un, wọ́n sì ń bọ ọ́. Ní Hiro, wọn ò kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fún un. Ní 1871, nígbà tí wọ́n ń tún ilẹ̀ wọn tò, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti ìfìwéránṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, òun ni alága ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Wakayama àkọ́kọ́.

Dípò ojúbọ, nǹkan míì ni wọ́n ń ṣe. Láti 1903, ní oṣù Kọkànlá ọdọọdún, wọ́n ń pàdé nídìí odi náà. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́dún kan. Àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù. Wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n gbé e gun odi, wọ́n dà á sórí ẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ kan tí tiẹ̀ dànù lọ́nà, ó padà lọ bu òmíràn, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Erùpẹ̀ yẹn ò tó nǹkan lára odi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ ló ti gbé tiẹ̀ síbẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì Ìgbẹ̀mọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kẹ́yìndé ní òun máa lọ sọ fún tíṣà pé koríko ni. Mo ti kìlọ̀ fún un kó fọ̀wọ̀ sọ ọ́, kó má lọ dójú ti tíṣà lójú kíláàsì. Ó tún ní kí n bi yín, ọjọ́ wo gan-an nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń gbé erùpẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin ní oṣù Kejìlá ni omi dé.

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́:

Ọmọ yìí gbọ́n, ó jọ ìyá ẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni nínú kàlẹ́ńdà tiwa. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ilẹ̀ Japan, èyí tó ń tẹ̀ lé òṣùpá, pe ọjọ́ yẹn ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 5 yẹn ni wọ́n dì mú. Lẹ́yìn sùnámì ńlá ti oṣù Kẹta 2011, ìjọba Japan fi ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ṣe ọjọ́ ìrántí ewu sùnámì. Ní 2015, àjọ UN mú un fún gbogbo ayé. Tí tíṣà rẹ̀ bá fẹ́ kí kíláàsì ṣe nǹkan lórí ẹ̀, ọjọ́ tó yẹ nìyẹn. Ẹ ní kó bá mi kí tíṣà.